Ta Ni Yóò Jẹ́ Wolé-Wolé Àdúgbò Wa?

Bí àlejò bá wọ ìlú kan, tí ó sì fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀, kò yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ wo ààfin ọba tàbí ilé àwọn ọlọ́rọ̀. Kí ó wo gọ́tà ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó wo ẹ̀yìnkùlé, kí ó sì wo etí odò tí wọ́n ti ń pọn omi mímu. Ààfin a máa sọ ohun tí agbára ọba lè ṣe. Ṣùgbọ́n gọ́tà ni ó ń sọ ohun tí àwọn aládùúgbò jọ fi ẹnu kò sí, tàbí ohun tí olúkúlùkù wọn ń wò tí ó sì ń dákẹ́. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún pípẹ́ ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé agbègbè Ṣakí, kí n tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Ohun tí ojú mi rí ní àwọn àdúgbò tí mo gbé ni ó mú mi sọ fún ẹ̀yin ọmọ mi pé òfin ìmọ́tótó àti òfin ilé kíkọ́ kì í dúró kìkì nítorí pé ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbà tí àwọn tí ń gbé àdúgbò bá fi ọwọ́ ara wọn dì í mú ni ó tó ń dúró.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, kò sí orúkọ tí ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ìyá wa bí orúkọ wolé-wolé. Àwọn wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ìjọba ń rán láti ojúlé dé ojúlé. Aṣọ kakí ni wọ́n ń wọ̀. Wọn a ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Wọn a wo ṣáláńgá, wọn a wo ilé ìdáná, wọn a sì wo ẹ̀yìnkùlé bóyá koríko ti kún un. Bí wọ́n bá rí àléébù, wọ́n lè da omi náà nù, wọ́n sì lè fún baálé ilé ní ìwé ìpè sí kóòtù. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ìkà. Láti ayé ìjọba àmúnisìn ni òfin ìlera gbogbo ènìyàn ti wà, pàápàá èyí tí a ṣe ní ọdún 1917, àrùn tí wọ́n sì ń lé kì í ṣe àrùn kékeré. Láti ọdún 1924 títí di nǹkan bí ọdún 1930 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri fi jà ní ìlú Èkó, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé, ọmọ ilẹ̀ wa, wà lára àwọn tí wọ́n fi ìmọ́tótó ilé àti ọjà bá àrùn náà jagun.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ti ń pa òfin náà mọ́. Bí ìròyìn bá dé pé wolé-wolé ti wọ àdúgbò kejì, ariwo a sọ. Ìyá kan a gbé ìkòkò omi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Òmíràn a kó ìdọ̀tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a sì lọ dà á sí ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn. Àwa ọmọdé ni alóre wọn. Láàárín wákàtí kan, àdúgbò a mọ́ bí ẹni pé ọba ń bọ̀ wá kọjá. Bí wolé-wolé bá sì ti lọ tán, ìkòkò a jáde, ìdọ̀tí a sì padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ta ni a ń tàn jẹ? Ẹ̀fọn tí ó pa ọmọ rẹ̀ sínú ìkòkò abẹ́ ibùsùn kò mọ̀ pé ìjọba ni a fi í pamọ́ fún. Ọmọ tí ó sùn lórí ibùsùn náà ni yóò jẹ. Ìbẹ̀rù lè gbá iwájú ilé fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í gbá ẹ̀yìnkùlé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn baba wa kò ní òfin àdúgbò kí wolé-wolé tó dé. Ní agbo ilé, baálé ni ó ń pín iṣẹ́: àwọn ọmọdé àti ìyàwó ilé a gbá àgbàlá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a sì ro ọ̀nà odò nígbà òjò. Ààtàn ní àyè tirẹ̀. Àwọn àgbà sọ fún wa pé nígbà tí koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa yìí, ẹnikẹ́ni kì í dá iná sí gbangba nígbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́ kíkankíkan. Bí èéfín bá rú ní àgbàlá kan ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, aládùúgbò kì í dúró de oníṣẹ́ ọba. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ béèrè ohun tí ń jó. Ó mọ̀ pé bí orí ilé kan bá gbiná, iná kò ní béèrè ẹni tí ó rú òfin kí ó tó fò dé orí ilé kejì. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sì sọ fún un, hẹ́rẹ́huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ohun tí ó máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kí òfin di ẹrù tí a gbé wá láti òkè, tí a sì dì lé ènìyàn lórí láì bi í léèrè. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn mọ èyí dáradára. Ní ọdún 1916, àwọn ará Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ètò titun tí ìjọba àmúnisìn gbé kalẹ̀. Inú bí wọn sí kóòtù titun, sí agbára titun tí a gbé lé àwọn aláṣẹ kan lọ́wọ́, àti sí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a ń fi agbára mú wọn ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ìjọba sì fi ọmọ ogun pa rògbòdìyàn náà. N kò sọ èyí láti yin ìwà ipá. Ẹni tí ó pa ènìyàn nítorí òfin kò tún ìlú ṣe. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa kì í ṣe ọ̀tá òfin. Ohun tí wọ́n kórìíra ni kí a máa pàṣẹ fún wọn bí ẹni pé wọn kò ní ojú tí wọ́n fi ń rí, wọn kò sì ní ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ni a tún rí ẹ̀yà mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Muhammadu Buhari àti igbákejì rẹ̀, Túndé Ìdíàgbọn, kéde ogun ti ìwà àìlétò ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti inú ètò náà ni ìmọ́tótó oṣooṣù ti jáde: ní Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù, láti agogo 7 títí di agogo 10 òwúrọ̀, kí olúkúlùkù dúró sílé kí ó sì tún àyíká rẹ̀ ṣe. Ó ní èrè tirẹ̀. Mo rí gọ́tà tí a kò tí ì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ tí ó mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n mo tún rí àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì sùn títí agogo 10 fi lù. Mo rí àwọn tí wọ́n wa ẹrẹ̀ gọ́tà jáde, tí wọ́n kó o jọ sí etí gọ́tà náà, tí òjò àkọ́kọ́ sì gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú. Ní ìlú Èkó, ilé ẹjọ́ dájọ́ ní ọdún 2015 pé kò sí òfin tí ó fàyè gba kí a sé ènìyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó, nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi òpin sí ìsémọ́lé náà. Àṣẹ lè ti ènìyàn mọ́lé, ṣùgbọ́n kò lè fi ìgbálẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Kí ni ó lè fi ìgbálẹ̀ sí i lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ sòbìà ni ó kọ́ mi ní ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè máa gbọ́ orúkọ sòbìà nínú òwe nìkan, ṣùgbọ́n àwa mọ̀ ọ́n lójú. Ní abúlé kan ní ọ̀nà Ṣakí tí mo ti ṣe olùkọ́, bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi adágún sì fà, ìwé ìpè orúkọ mi a kún fún àmì àìwá. Bí mo bá béèrè ọmọ kan, wọn a ní, “Tíṣà, sòbìà ti dá a dùbúlẹ̀.” Àwọn baba wọn pẹ̀lú a wà ní ìdùbúlẹ̀, iṣu oko wọn a sì wà láìtọ́jú. Kòkòrò gígùn tí ó tín-ín-rín bí òwú ni sòbìà. Ẹni tí ó bá mu omi odò tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan wà nínú rẹ̀ ni ó ń gbé ẹyọ rẹ̀ mì. Kòkòrò náà a dàgbà nínú ara fún nǹkan bí ọdún kan, a sì dá ara lu láti jáde, lọ́pọ̀ ìgbà ní ẹsẹ̀. Oró rẹ̀ gbóná bí iná, nítorí náà aláìsàn a fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Bí ó bá sì ti ki í bọ odò, sòbìà a tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ rẹ̀ sínú omi, ìyà ọdún tí ń bọ̀ fún gbogbo abúlé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àrùn yìí kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn tí ń pa á nínú ara. Òfin méjì péré ni ó lè ṣẹ́gun rẹ̀: kí ẹni tí sòbìà bá yọ lára rẹ̀ má ṣe wọ inú odò, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe mu omi odò láì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Òfin méjèèjì rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣọ́ wọn? Kò sí ìjọba tí ó lè fi ọlọ́pàá kan sí etí odò kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí odò bá jẹ́ ti abúlé, a jẹ́ pé abúlé ni yóò ṣọ́ ọ.

Ní abúlé tí mo sọ yìí, wọ́n pe ìpàdé sí abẹ́ igi. Òṣìṣẹ́ ìlera kan fi hàn wọ́n ohun tí ó wà nínú omi, àwọn ni wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ òfin tí wọn yóò ṣe. Wọ́n yan ìyàwó ilé kan, ọlọ́gbọ́n obìnrin, láti máa ka àwọn aláìsàn, láti máa pín aṣọ ìsẹ́mi, àti láti máa wo etí odò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni baálẹ̀ abúlé ti oko dé ní ọ̀sán gangan. Ó ń tiro, egbò sì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kọjú sí odò tààrà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sí ojú ọ̀nà níwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ kan omi yìí.”

Gbogbo àwọn tí ń pọn omi dákẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé tí mo kó wá pọn omi. Baálẹ̀ náà kì í ṣe ẹni tí obìnrin ń dá dúró lójú ọ̀nà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wo àwa náà tí a ń wò ó, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀. Ó ní, “Dìde, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni a jọ sọ ọ́. Bá mi bu omi wá síbí.” Ó jókòó sórí òkúta tí ó jìnnà sí odò, wọ́n bu omi fún un nínú igbá, ó sì fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní abúlé náà tún béèrè bóyá òfin odò kan òun. Bí ẹsẹ̀ baálẹ̀ kò bá wọ omi, ẹsẹ̀ ta ni yóò wọ̀ ọ́?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní abúlé kékeré yẹn ni ó ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé mìíràn. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ìlésòbìà kúrò nílẹ̀ ní ọdún 1988, tí wọ́n sì ka àwọn aláìsàn, wọ́n rí i pé wọ́n ju 650,000 lọ. Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, gbé iṣẹ́ náà lé àyà. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba wa àtijọ́, sì rin ìrìn-àjò lọ sí àwọn abúlé láti rọ àwọn ènìyàn. Ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ibì kan, wọ́n fi oògùn sí odò ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ abúlé tí abúlé fúnra rẹ̀ yàn ni wọ́n ṣọ́ odò lójoojúmọ́. Ní ọdún 2008 ni a rí aláìsàn tí ó gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí ní ọdún 2013 pé sòbìà ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Àrùn tí kò gbóògùn ni ó gbọ́ òfin.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ abúlé ni èyí, pé ìlú ńlá yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, nítorí pé ní ìlú ńlá, ẹni tí ó da ìdọ̀tí sí odò ní òkè lè má mọ ẹni tí omi náà yóò gbé lọ ní ìsàlẹ̀. Ẹ rántí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn kọ́ ilé sí etí rẹ̀ gan-an, wọ́n sì sọ ojú omi di ààtàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò náà kò rí ọ̀nà gbà, ó sì gba inú ilé àwọn ènìyàn kọjá. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àkúnya omi mìíràn tún pa ènìyàn tí ó ju 100 ní Ìbàdàn kan náà. Òfin wà ní gbogbo àkókò yìí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́lé sí ojú omi, kí ẹnikẹ́ni má sì da ìdọ̀tí sínú odò. Ilé kan kì í sì í ga sókè ní òru ọjọ́ kan. A ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, a ń mọ ògiri rẹ̀, a ń kan òrùlé rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń rí i. Wọ́n ń sọ pé, “Kí ni ó kàn mí? Ṣé èmi ni ìjọba?” Nígbà tí omi dé, kò yọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn sílẹ̀.

Ní àdúgbò tí mo ń gbé nísinsìnyí, àwọn onílé àti ayálégbé ní ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé rẹ̀ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó wá síwájú wa, nítorí pé wọ́n fi hàn bí ó ti yẹ kí aládùúgbò ṣọ́ òfin, àti bí kò ti yẹ.

Èkíní ni ti opó kan tí kò ní ṣáláńgá. Àwọn kan ní kí a kọ̀wé fi í sùn sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Ìyá àgbà kan nínú wa ni ó béèrè pé, “Bí ó bá san owó ìtanràn tán, ṣé owó ìtanràn ni yóò yàgbẹ́ sí?” Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì pa wá lẹ́nu mọ́. A ṣe ọ̀wẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ihò, ẹnìkan fún wa ní sìmẹ́ǹtì, òmíràn ní páánù. Ní ọjọ́ mẹ́rin, ṣáláńgá dúró. Irú ọgbọ́n yìí ni ó tan kálẹ̀ láti orílẹ̀-èdè Bangladesh ní nǹkan bí ọdún 2000. Níbẹ̀ ni Kamal Kar ti rí i pé àwọn ará abúlé tí wọ́n bá jọ wo ẹ̀gbin tí ó yí wọn ká, tí wọ́n sì jọ pinnu, a máa gbẹ́ ṣáláńgá fúnra wọn láì dúró de ìjọba. Ní ọdún 2019, nígbà tí ààrẹ wa fi ọwọ́ sí àṣẹ kan láti fi òpin sí ìyàgbẹ́ ní gbangba, àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà ju 40 mílíọ̀nù lọ. Owó ìtanràn nìkan kò lè gbẹ́ ihò fún wọn.

Èkejì ni ti ọkùnrin kan tí ó wá sọ fún ẹgbẹ́ pé ṣáláńgá aládùúgbò òun ti sún mọ́ kànga jù. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àwọn elétò ìlera a máa gbani nímọ̀ràn pé kí àárín wọn tó mítà 30. Ó fẹ́ kí a kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n a gbé okùn, a lọ wọn ibẹ̀, a sì rí i pé àárín wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáradára. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó fẹ́ fi ọwọ́ wa gba ẹ̀san. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti pinnu pé a kò ní gba ẹ̀sùn kan láì jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta tí kò ní ìjà nínú ọ̀rọ̀ náà lọ fi ojú ara wọn rí i, kí ẹni tí a fi sùn sì sọ tẹnu rẹ̀ kí a tó gbé ọ̀rọ̀ kúrò ní àdúgbò. Ojú àdúgbò dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìkùnsínú sínú ojú náà, kò ní rí òtítọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù. Ọlọ́rọ̀ kan kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà. Òun ni ó ń ra ẹ̀rọ amúnáwá fún wa, òun ni ó sì ń dá owó jù nígbà tí a bá ń ṣe ọ̀nà. Ojú tì wá láti bá a sọ ọ́. Àwọn kan tilẹ̀ wí pé ẹni tí ó ń ṣe àdúgbò lóore, kí a fojú fo tirẹ̀. Nígbà náà ni mo rántí baálẹ̀ tí ó jókòó sórí òkúta. Mo bi ẹgbẹ́ pé, bí a bá sọ fún opó pé kí ó gbẹ́ ṣáláńgá, tí a kò sì lè sọ fún ọlọ́rọ̀ pé kí ó ṣí gọ́tà, ṣé òfin ni a ń ṣọ́ ni, tàbí àwọn aláìní? Àwa márùn-ún lọ bá a ní ilé rẹ̀. Inú bí i, ó ní, “Ta ni yín? Ṣé ẹ̀yin ni ìjọba?” A dá a lóhùn pé a kì í ṣe ìjọba, aládùúgbò rẹ̀ ni wá, omi tí gọ́tà rẹ̀ bá dá padà, ilé wa ni yóò wọ̀. A fún un ní oṣù kan. Oṣù náà pé, kò ṣe nǹkan kan. A kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo wa fi ọwọ́ sí i, òṣìṣẹ́ sì wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó wó o lulẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò kí mi fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, kò sì ra ẹ̀rọ amúnáwá fún wa mọ́. Mo sọ èyí kí ẹ má ṣe rò pé òtítọ́ kì í ná ni ní nǹkan. Ó ná wa ní ìmọ́lẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan; ṣùgbọ́n ní ọdún náà, omi kò wọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹ kíyèsí i pé a kò wó ṣọ́ọ̀bù náà fúnra wa. Kì í ṣe iṣẹ́ aládùúgbò láti na ènìyàn, tàbí láti gba ẹrù rẹ̀, tàbí láti wó ilé rẹ̀. Ìlú tí olúkúlùkù ti ń ṣe ọlọ́pàá àti adájọ́ yóò dàrú ju ìlú ìdọ̀tí lọ. Iṣẹ́ tiwa ni láti rí, láti rán ara wa létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láti ran aláìlágbára lọ́wọ́, àti láti jẹ́rìí òtítọ́ fún ìjọba nígbà tí ìránnilétí kò bá gbéṣẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ni láti gbọ́ wa, láti rán ọkọ̀ ìdọ̀tí wá, àti láti lo agbára òfin láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Igi kan kì í dá igbó ṣe: bí ìjọba bá wà láìsí aládùúgbò, wolé-wolé tí à ń sá fún ni yóò dà, bí aládùúgbò bá sì wà láìsí ìjọba, ariwo lásán ni yóò máa pa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lè wí pé ẹ kéré, pé ẹ kò ní ilé, ẹ kò sì ní ohùn nínú ìpàdé àwọn àgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì yín. Ẹ jọ jókòó, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ òfin mẹ́ta tí yóò mú kíláàsì náà mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí olórí kíláàsì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò pa wọ́n mọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀rẹ́ yín tí ó ju ọ̀rá omi sínú gọ́tà, ẹ má ṣe sáré lọ bá tíṣà. Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì bá a mú un jáde. Ní ilé, ẹ wo ìkòkò omi kí ẹnikẹ́ni tó rán yín. Bí ẹ bá sì dàgbà, tí ẹ di ọlọ́rọ̀, tí ẹ ń kọ́lé, ẹ rántí pé ọ̀nà omi ti wà níbẹ̀ kí owó yín tó dé.

Wolé-wolé tí a ń sá fún ní ìgbà èwe mi kò wọ́pọ̀ ní àdúgbò wa mọ́. Ṣùgbọ́n òjò ṣì ń rọ̀ lọ́dọọdún, ẹ̀fọn ṣì ń pa ẹyin, omi òkè ṣì ń wá ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wo ilé. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ àwa tí a ń gbé inú rẹ̀.